Ètò Tí Bọ̀ọ̀dá Sanwó Rẹ̀

"Ta ló sọ pé kíkà ni mo fẹ́ kà á? Mo fẹ́ tún un ṣe ni!"

Kọ̀ǹpútà ni Ìyá Onítáípù ń bá jà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ti jókòó sídìí tábìlì nínú pálọ̀, bébà lọ́tùn-ún, bébà lósì, tíì tó pò ti tutù síbẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ ń gbé síwájú rẹ̀: àsìkò ìlò rẹ̀ ti parí, ó lè ka ìwé náà, ṣùgbọ́n kò lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀ mọ́. Ìwé tó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀! Igba ojú-ewé ó lé mẹ́tàlá! Ẹ ẹ̀ rí nǹkan.

Ọkọ rẹ̀ jáde láti yàrá, ó ń de bọ́tìnnì, ó fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́. "Ìwọ àti ta ni láàárọ̀ kùtù?"

"Ẹ wá wò ó. Wọ́n ti yọ mí."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Ta ló ń sanwó ètò ìkọ̀wé yìí?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń sanwó rẹ̀, torí ẹni tó ń sanwó náà kì í jẹ́ ká gbàgbé. Bọ̀ọ̀dá Ìyá Onítáípù ni, àkọ́bí ìyá rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tó ti ra ètò olówó kan tí ènìyàn mẹ́fà lè jọ lò. Ó fi ara rẹ̀ sí i, ó fi ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sí i, ó wá fi àyè kan tó kù ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ. Bí ẹbí bá ti pé báyìí, á ní, "Àbúrò tèmi kì í lo ọ̀fẹ́ o. Ojúlówó ni mo rà fún un." Ká má purọ́, orí Ìyá Onítáípù náà máa ń wú. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ìsọ̀ tí wọ́n ti rà á, kò sì ṣí i rí. Bí àwọn atẹ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní òun ni àwọn ń lò, á yínmú sí wọn, á ní ti aláìní nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni nǹkan dàrú. Ẹbí pé sílé àbúrò bàbá wọn, Bọ̀ọ̀dá dìde, ó ń bá gbogbo wọn wí lórí ìtọ́jú òbí. Ó wí, ó wí, kò fẹ́ jókòó. Ìyá Onítáípù tó ń lọ wo ìyá wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mú un mọ́ra títí, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ọdún kan àti oṣù mẹ́ta rèé tí Màmá ti fojú kàn yín gbẹ̀yìn." Ẹnì kan ń wúkọ́ tí kò sí ikọ́ lọ́fun rẹ̀.

Ìyá Onítáípù gbé fóònù, ó pe Bọ̀ọ̀dá.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ètò ìkọ̀wé yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo yọ ọ́." Ohùn rẹ̀ tutù nini. "Àbí ẹni tó tú mi síta lójú ẹbí ni n ó tún máa ra nǹkan fún?"

"Irọ́ ni mo pa ni?"

"N ò bá ẹ jiyàn. Kọ ọ́ sórí fóònù níbi tí gbogbo ẹbí ti máa rí i, pé o purọ́ mọ́ mi. Kò ní pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí n ó fi dá ẹ padà."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ oníṣẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Aago mẹ́rin òní ni ilé-ìtẹ̀wé ń retí ẹ̀."

"Kí lo wá ń dúró ṣe? Tètè kọ ọ́." Ó pa fóònù.

Inú bí Ìyá Onítáípù. Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Èyí tiẹ̀ lóṣòó tì í, ó tún di ọrùn ẹni tó ṣe é fún mú.

"Ṣáà kọ ọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Kí ló máa gbà lára ẹ?"

"Òótọ́ tí mo sọ ni kí n pè ní irọ́?"

"Ká ra tiwa nígbà náà."

"Owó ọdún kan odindi ni wọ́n ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹ ní in lọ́wọ́?"

Ọkọ rẹ̀ họ orí. "Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ní èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀..."

"Èyí tí wọ́n jí."

"Gbogbo ayé ló ń lò ó."

"Èmi kì í ṣe gbogbo ayé. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ o, kẹ́ ẹ má pẹ́."

Aago mẹ́wàá ni Màmá Aránṣọ wọlé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn bíi ti ìgbà gbogbo. Òun ló ni ìwé náà. Ogójì ọdún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní gígé àti rírán, gbogbo ohun tó mọ̀ ló kó sínú ìwé yìí. Bí ìwé ò bá dé ilé-ìtẹ̀wé lónìí, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ wọn máa bọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun tó máa lò ó ń wọlé. Mọ́kànlá nínú ojú-ewé rẹ̀ ló sì ní àtúnṣe. Apá aṣọ ọmọ ọdún mẹ́rin tó yẹ kó jẹ́ ínǹṣì méjìlá, mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀.

Ìyá Onítáípù ro gbogbo ẹ̀ fún un, ojú ń tì í. Màmá Aránṣọ gbọ́ ọ tán.

"Kò sí òmíràn nínú kọ̀ǹpútà yẹn?"

"Ọ̀kan wà, Màmá. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ ńkọ́? Àlùmọ́gàjí tó bá gé aṣọ, àlùmọ́gàjí ni. Èmi kì í bi í léèrè iye tí wọ́n rà á. Ṣí i jàre."

Ó ṣí i. Yéè! Nǹkan ti dàrú. Ìwọ̀n èjìká ti sún sábẹ́ ọrùn, ti àyà ti wọ́ dé ìbàdí, àwòrán kọ́là ti fò lọ jókòó sórí apá. Ó gbá tábìlì. "Ẹ wò ó! Ẹ ò rí ohun tí mò ń sọ? Ọ̀fẹ́ nìyí!"

Màmá Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fi èyí rán aṣọ, ọrùn ni apá á ti yọ." Ó súnmọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọ̀rọ̀ lásán ò dàrú? Àwọn ìwọ̀n nìkan ni."

Ìyá Onítáípù tún wo àwọn ìlà náà. Ó mọ ìdí ẹ̀. Orí táípùráítà onírin àtijọ́ ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi àlàfo ti nọ́ńbà síbi tó yẹ: tẹ àlàfo, tẹ àlàfo, tẹ àlàfo, títí ìlà á fi gún. Títí dòní, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò fa àtẹ onílà gidi rí láyé rẹ̀. Lójú ló dà bí àtẹ, kò sí ohun tó dì í mú lábẹ́. Bí lẹ́tà bá ṣáà ti fẹ̀ díẹ̀ sí i tàbí tó tín-ín-rín díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ ò jẹ̀bi.

"Èmi ni, Màmá," ó wí. Inú tún bí i, sí ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ gbàrọgùdù, tí mo sì ń yínmú sáwọn ẹlòmíràn."

"O ti mọ̀ ọ́n báyìí. Tú u, ká tún un rán."

Àtẹ mọ́kànlélógójì. Ó ń fa wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà lórí ìlà, Màmá Aránṣọ ń pe nọ́ńbà sí i létí láti inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀. Ibi tó bá ti ṣiyèméjì, á fa téèpù yọ, á wọn apá ara rẹ̀. Wọ́n ṣe àtúnṣe ojú-ewé mọ́kànlá náà pẹ̀lú. Wọn ò jẹun. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì, Bọ̀ọ̀dá ni, Ìyá Onítáípù dojú ẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó sọ ìwé náà di irú èyí tí kò lè yẹ̀ mọ́, ó fi ránṣẹ́. Ilé-ìtẹ̀wé fèsì: "A ti rí i gbà. Ó mọ́. A ti bẹ̀rẹ̀."

Màmá Aránṣọ gbá a mọ́ra, ó sì lọ wá oúnjẹ jẹ.

Fóònù tún dún. Ó gbé e.

"Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù," ni Bọ̀ọ̀dá wí, "n ò tíì rí nǹkan kan lórí fóònù."

"Iṣẹ́ ti lọ, sà. Ọ̀fẹ́ ni mo fi ṣe é."

"Ọ̀fẹ́! Ó dáa, mo ti dá ẹ padà. Ohun tí wàá kọ ò tiẹ̀ ní gùn. Ṣáà kọ ọ́ pé o ṣe àṣìṣe. Ìyẹn tó."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ fi àyè yẹn fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n màá kọ ọ́."

Kó tó kọ ọ́, ó pe ìyá wọn, ó bi í bí ara ṣe le, ó wá bi í ní ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá wá gbẹ̀yìn. Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá náà dáhùn.

"Oṣù kẹtàdínlógún rèé, ọmọ mi. Mò ń kà á."

Ìyá Onítáípù kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó ṣí ibi tí gbogbo ẹbí ti ń kọ̀wé síra wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ báyìí:

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni Màmá ti rí Bọ̀ọ̀dá gbẹ̀yìn. Mo ti wádìí lọ́dọ̀ Màmá fúnra wọn. Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì bí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ó fi ránṣẹ́.