Ènì Kò Sí Nínú Kọnkéré

1.

...ló bá ká ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ní, "Ta ló ní kí ẹ gbé e sókè?"



Mùlíkàt ni mò ń sọ, Ìyá Àmínát, ará Ìwó tó ti fi Òkè-Ìlá l'Ádó ṣe ilé láti ogún ọdún. Òun ló ń gé ògbólógbòó táyà wẹ́wẹ́ bí ìgbà téèyàn bá ń rẹ́ ilá, tó ń tà á fún àwọn tó ń po kọnkéré. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, abẹ́ dẹ́kìn, ìyẹn òrùlé kọnkéré, ti kíláàsì tuntun kan ní Ìgèdè ló dúró sí, tó gbójú sókè. Ó rí dúdú wẹ́wẹ́ lára kọnkéré. Rọ́bà rẹ̀ ni. Dẹ́kìn náà sì ti lanu tẹ́ẹ́rẹ́, láti ògiri dé ògiri.

2.

Ìwé tí Ọlálẹ́yẹ, ẹnjiníà tó kọ́ Mùlíkàt níṣẹ́ náà, fi lé e lọ́wọ́. Bó ṣe wà ni mo dà á kọ:

RỌ́BÀ TÁYÀ DÍPÒ ÒKÚTA
Nínú páànù òkúta mẹ́wàá, ẹ yọ ẹyọ kan. Ẹ fi páànù rọ́bà kan rọ́pò rẹ̀.
Kó dọ́gba pẹ̀lú etí páànù. Kó má ṣe ga bí òkìtì.
Bí rọ́bà bá pọ̀ jù, kọnkéré ò ní lè ru ẹrù.
Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò ó fún.
KÒ GBỌDỌ̀ WÀ LÓKÈ ORÍ ẸNIKẸ́NI.

3.

Ó wà lókè orí.

4.

Wásáàpù. Oṣù méjì ṣáájú. Ajíbádé ni agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ kíláàsì náà.

AJÍBÁDÉ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ogójì àpò ni mo fẹ́.
MÙLÍKÀT: Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?
AJÍBÁDÉ: Ojú ọ̀nà táwọn ọmọ á máa gbà wọ kíláàsì ni.
MÙLÍKÀT: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àpò kan, páànù kan. Ẹ má jẹ́ kó lé o.
AJÍBÁDÉ: Ènì ńkọ́?
MÙLÍKÀT: Háà! Ṣé mo lè tajà kí n má fi ènì sí i ni? Ó ń bọ̀.

5.

Ẹ jẹ́ n dúró níbi ọ̀rọ̀ ènì yìí, torí inú ń bí mi.

Ìyá tó bí Mùlíkàt ló kọ́ ọ, nídìí gààrí n'Íwó: ọlọ́jà tí kì í ṣènì, oníbàárà ò ní padà sọ́dọ̀ rẹ̀. O wọn ọjà tán, o tún bu díẹ̀ lé e. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ta ló máa bá a wí? Rọ́bà ò sì wúwo, ọwọ́ rẹ̀ bá là. Ó so ọ̀rá kan mọ́ ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nínú ọ̀rá kan tó ìdajì páànù. Ó fi bírò kọ ÈNÌ sí i lára, gàdàgbà gadagba.

Ó ti ka ìwé ẹnjiníà o. Ó kà á ní àkàtúnkà. Kò kàn rò ó pé ènì wà lára ohun tí ìwé ń wí ni.

6.

Ìgèdè, Ọjọ́bọ̀ yẹn kan náà. Mùlíkàt àti Bámgbóyè, bíríkìlà tó po kọnkéré náà, ọmọ Ìgèdè.

MÙLÍKÀT: Bàbá, báwo lẹ ṣe pò ó?
BÁMGBÓYÈ: Bẹ́ ẹ ṣe wí. Páànù kan sínú mẹ́sàn-án.
MÙLÍKÀT: Àwọn ọ̀rá ńkọ́?
BÁMGBÓYÈ: Ènì? A dà á sí i.
MÙLÍKÀT: Gbogbo ẹ̀?
BÁMGBÓYÈ: Ìyá Àmínát, èèyàn a máa da ènì nù ni? Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n mi rèé lẹ́nu uṣẹ́ yìí. Ìgbà tí òkúta ò tó, òun la fi dí i.
MÙLÍKÀT: Ojú ọ̀nà ni mo tà á fún! Ẹ wo ojú ọ̀nà náà, koríko ló wà níbẹ̀!
BÁMGBÓYÈ: Ọ̀gá Ajíbádé ló ní ká gbé e sókè. Ó ní ulé gbọ́dọ̀ parí.
MÙLÍKÀT: Ẹ̀yin náà ò sì sọ̀rọ̀.
(Bámgbóyè ń fi àtàǹpàkò họ sìmẹ́ǹtì tó gan mọ́ ọwọ́ rẹ̀.)

7.

ÌKÉDE (ara géètì ilé-ẹ̀kọ́)
A ó ṣí kíláàsì tuntun lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.
Ọmọ mọ́kànlélógójì ni yóò wọlé. Kí ìbọ̀sẹ̀ wọn funfun.
— Olúwatóyìn, Ọ̀gá Àgbà

8.

Ibi tí Mùlíkàt dé lọ́jọ́ Ẹtì:

Ọ̀dọ̀ Ọlálẹ́yẹ. Ó bá a padà sí Ìgèdè, ó fi òòlù lu dẹ́kìn náà, ó tẹ́tí. Ó ní, "Kí ọmọ kankan má wọ ibí." Ó kọ lẹ́tà.

Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilé kíkọ́ l'Ádó. Wọ́n gba lẹ́tà. Wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò sí nítòsí, kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
"Ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ ń wọlé!"
"Ìyá, Ìṣẹ́gun la wí."

Ọ̀dọ̀ Olúwatóyìn. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mà. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí màá fi ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí n ṣí?"

Àbí ẹ ò rí ayé? Gbogbo wọn ló gbọ́. Gbogbo wọn pátá!

9.

Ohùn Ajíbádé, lórí fóònù Mùlíkàt:

"Ìyá Àmínát, mo gbọ́ pé ẹ ń káàkiri. Mo ti rẹ́ ibi tó lanu, mo ti kùn ún. Ta ló máa rí i? Bó bá jẹ́ ariwo lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ pa á. Àwọn ọ̀rá yẹn wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ogójì. Ta ló kọ ÈNÌ sí wọn lára? Ṣé èmi ni?"

10.

Mùlíkàt ni.

11.

Mo kọ ọ́ síbí pé ó sunkún. Mo pa á rẹ́. Kò sunkún. Inú ló bí i, ó bí i sí Ajíbádé, ó bí i sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó ti táyà ní Òkè-Ìlá lọ́jọ́ Àìkú, kò gé ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó ní:

"Bí wọ́n bá máa mú mi, kí wọ́n mú mi. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́."

12.

Ọjọ́ Ajé. Aago méje, ọkọ̀ kan já táyà ọgọ́ta sílẹ̀, odindi. Mùlíkàt tò wọ́n dí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó jókòó síwájú wọn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn:

ÈMI MÙLÍKÀT NI MO FI ÈNÌ SÍ I. Ẹ MÁ WỌLÉ.

Bámgbóyè dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí táyà kan tó ṣubú padà síbi tó wà, ó jókòó tì í.

Ọkọ̀ Ajíbádé dé. "Ẹ kó ìdọ̀tí yìí kúrò!"

Àwọn ọmọ ti tò, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ọmọbìnrin kan ti yọ́ kúrò lórí ìlà, ó ń gun táyà, ó rò pé eré ni. Mùlíkàt di aṣọ rẹ̀ mú.

Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́sàn-án lù. Olúwatóyìn wo ògiri. Ó wo Ajíbádé. Ó gbé agogo sókè.

13.

Òkúta: ó dín.
Rọ́bà: ó lé.
Ọmọ: mọ́kànlélógójì. Ìta ni gbogbo wọn wà.