Mọ́ínmọ́ín Tó Wọ Ṣìmí

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni mo fi jẹ́ Ìyá Ìdáná ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa lẹ́yìn Gowon Estate. Bí ìkórè bá ti ń bọ̀, èmi ni n ó sọ iye ẹ̀wà tí a ó rẹ, èmi náà ni n ó sì lé àwọn àgbààgbà tó bá wá ń yọjú wo inú ìkòkò kí wọ́n tó gbàdúrà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gba ipò yẹn lọ́wọ́ mi, àfi kó kọ́kọ́ gbé mi kúrò lórí àpótí ìdáná, ìdí mi yìí kì í sì í ṣe ẹrù ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, nígbà tí ìsìn parí, Bàbá Olùṣọ́ tó ń darí ìjọ pe Arábìnrin Olúfúnmiláyọ̀ bọ́ síwájú. Ọmọ ìjọ wa ni, ọ̀dọ̀ ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí.

"Ẹ̀yin ìjọ," ló wí, "ẹ mọ̀ pé ìjọba Èkó ti fòfin de fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Ó ti wá kan síbí oníke, ife oníke àlòsọnù, títí dé orí náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má sọ pé ìjọba le jù o. Ẹ lọ wo gọ́tà iwájú géètì wa. Gbogbo ìkórè èṣí ṣì wà níbẹ̀, oúnjẹ inú ẹ̀ nìkan ló ti lọ."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Bàbá Olùṣọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dún yìí, kálukú ni yóò mú abọ́ àti síbí tirẹ̀ wá láti ilé, òun ò sì fẹ́ rí náílọ́ọ̀nù kankan lábẹ́ àgọ́ ìkórè. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyá Ìdáná, mọ́ínmọ́ín ńkọ́?"

Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń se mọ́ínmọ́ín nínú náílọ́ọ̀nù. N ó bù ú sínú ẹ̀, n ó so ó lẹ́nu, n ó jù ú sómi gbígbóná, n ó lọ sùn. Kí n tó la ẹnu, Súmbọ̀ ti dìde. Tíṣà ni Súmbọ̀, ará Èkìtì, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì.

"Bàbá, ewé ni ká fi pọ́n ọn. Ẹ má bínú o, Ìyá Ìdáná. Bí ọwọ́ yín ò bá gbà á mọ́, Mà, mo lè bá yín ṣe é."

Ọwọ́ mi ò gbà á mọ́, kẹ̀! Mo fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta nídìí.

"Èmi? Èmi tí ìyá mi ń pọ́n ẹ̀kọ tà ní Ìgbẹ́sà títí ó fi kú? Súmbọ̀, ewé ni wọ́n fi wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi! Bàbá, ẹ gbọ́ o. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá jò nínú mọ́ínmọ́ín mi, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ìdáná lọ́wọ́ mi, kí ẹ gbé e fún Tíṣà."

"Àmín!" ni ìjọ ké. N ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí.

Òótọ́ ni pé ìyá mi ta ẹ̀kọ. Ohun tí mi ò sọ ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń bá a pọ́n ọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ ewé, kí n sì jẹ èyí tó bá tú. Mo sì máa ń gbàdúrà kó tú.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú ìkórè, Matilda wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé mi. Òun ni igbákejì mi ní ìdáná, ará Warri ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láàárín wa débi pé ó ń fi Yorùbá bú ọkọ ẹ̀. Ó ti lọ gbé ewé wá láti Àyọ̀bọ̀, ó ti gbé ẹ̀wà lílọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. A ti po ata àti epo mọ́ ọn, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀.

Mo mú ewé méjì, mo gbé wọn léra, mo ká wọn bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò. Mo bu ẹ̀wà sí i. Ó gba ìdí ewé jáde, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo mú òmíràn, mo fi ìka dí ìdí ẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́. Mo gbé ọwọ́ sókè kí n lè rí ibi tó ti ń jò, ó ṣàn gba ìgbọ̀nwọ́ mi lọ sí abíyá. Nígbà tí mo fi máa pọ́n mẹ́wàá, èmi fúnra mi ti di mọ́ínmọ́ín, omi gbígbóná nìkan ló kù.

A to mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú ìkòkò. Nígbà tí a ṣí i, ewé ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Matilda fi síbí bu omi náà, ó tọ́ ọ wò.

"Màmá Akínbọ́lá, gbẹ̀gìrì yìí mà dùn o."

"Matilda, má jẹ́ n fi ìgbákọ yìí gbá ẹ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ pe Tíṣà jàre. Ṣebí ilé ẹ̀ ò jìnnà."

"Kí n tó pe Súmbọ̀, màá kọ́kọ́ bọ́ ìró rìn láti ibí dé bọ́sítọ́ọ̀pù Pleasure."

"Ẹ má bọ́ ọ o, Mà. Àwọn èèyàn ń wa mọ́tò lójú ọ̀nà yẹn."

Mo jókòó, mo ń wo ewé, ewé ń wo èmi náà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, ọ̀la ni ìkórè. Ibẹ̀ ni Èṣù ti fi ẹnu sí mi létí. Mo rántí pé ìdì náílọ́ọ̀nù kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Matilda, gbọ́. A ó bù ú sínú náílọ́ọ̀nù, a ó so ó. A ó wá fi ewé wé e lókè. Ewé á yọ àwọ̀ sí i, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. A ó fi han Bàbá pẹ̀lú ewé lára. Tó bá ti rí i tán, a ó gbé e padà sí ìdáná, a ó bọ́ ewé, a ó bọ́ náílọ́ọ̀nù, a ó kó o sínú abọ́ wọn. Ta ló máa mọ̀?"

Matilda wò mí títí. "Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run kì í jẹ mọ́ínmọ́ín."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó rẹwà. Ọ̀ọ́dúnrún mọ́ínmọ́ín, aláwọ̀ ewé, wọ́n jókòó sínú agbada ńlá bí àwọn ọmọge tó ń lọ sílé ọkọ. Kò sí ìkankan tó jò. Súmbọ̀ fúnra ẹ̀ wá sí ìdáná lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìyá Ìdáná, mo túúbá," ló wí. "Ọwọ́ yín dáa."

Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà, eyín àtọwọ́dá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

A gbé agbada lọ síwájú pẹpẹ. Bàbá Olùṣọ́ gbàdúrà sí i. Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ gbé e padà, ni Bàbá bá na ọwọ́.

"Rárá o, Ìyá Ìdáná. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti tú ewé mọ́ínmọ́ín gbẹ̀yìn. Lónìí, kálukú ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ tú tiẹ̀."

"Bàbá," ni mo wí, "ó gbóná o. Ẹ jẹ́ ká bá yín tú u ní ìdáná, kó má baà ta sí yín láṣọ."

"Kó ta sí mi láṣọ."

Arábìnrin Olúfúnmiláyọ̀ ti yọ fóònù, ó fẹ́ ya fọ́tò. Matilda ti rìn sẹ́yìn, ó ti fara pa mọ́ sẹ́yìn àwọn akọrin. Bàbá tú ewé àkọ́kọ́. Ó tú ìkejì. Náílọ́ọ̀nù bá jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó ń dán, kókó tí mo ta sí i lórí ga sókè bí gèlè.

Gbogbo àgọ́ na ọrùn. A ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé kejì.

"Ìyá Ìdáná," ni Bàbá wí, "kí lèyí?"

Mo fi ojú wá Matilda. Súmbọ̀ ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú ohùn tó fi ń kọ́ kíláàsì.

"Ṣìmí ni, Bàbá. Mọ́ínmọ́ín náà wọ ṣìmí sábẹ́ aṣọ."

Ẹ gbà mí o! Àwọn akọrin ṣubú lu ara wọn. Ìyá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ẹ̀. Èmi náà gbìyànjú.

"Bàbá, kò sáà jò."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní bí ọ̀kan bá jò, kẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Ìkankan ò jò."

Fìlà Bàbá já bọ́ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo bojú wo Arábìnrin Olúfúnmiláyọ̀, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ fóònù kalẹ̀, ó ń wo agbada, ó ń ka iye náílọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ lójú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ọmọ yẹn ti ń fi wá yangàn níbi iṣẹ́, ó ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé ìjọ òun ló máa kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo àdúgbò yìí. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nídìí àmùrè mi, mo kúnlẹ̀, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó dé ilẹ̀.

"Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n pọ́n. Ẹnu mi ló mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e fún Tíṣà. Arábìnrin, ẹ má bínú sí mi."

"Mo ti gbọ́, Mà," ni Olúfúnmiláyọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ṣa gbogbo ẹ̀. Ọ̀kan ò gbọdọ̀ dé gọ́tà."

Bí mo ṣe gbé àpò lọ́wọ́ nìyẹn, láìwọ bàtà, láti orí àga dé orí àga. Kálukú ń ju náílọ́ọ̀nù tiẹ̀ sínú àpò, kálukú sì ní nǹkan sọ. "Ìyá Ìdáná, ẹ gba ṣìmí yín o." "Mà, tèmi ní léèsì létí." Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣóbọ̀wálé bi mí bóyá mọ́ínmọ́ín òun ti ṣègbéyàwó. Mo ní kó bi í. Mo ka náílọ́ọ̀nù yẹn níwájú Olúfúnmiláyọ̀, ó pé ọ̀ọ́dúnrún, ó sì wá bá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Súmbọ̀ ti so kọ́kọ́rọ́ mọ́ àmùrè tiẹ̀. Mo rò pé ó máa fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn ní, "Ìkórè àwọn ọ̀dọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, Mà. Ọ̀ọ́dúnrún náà ni. Ẹ wá bá mi nílé ní Sátidé tó ṣáájú ẹ̀."

Mo lọ. Ó fún mi ní àpótí kan tó kéré sí ìdí mi, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ìdí ewé lẹ kì í ṣẹ́ sẹ́yìn," ló wí. "Ẹ ká a. Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó yẹn padà sẹ́yìn. Ẹ fi ọwọ́ òsì gbá a mú. Ẹ má fún un lọ́rùn, Mà, kò jẹ yín ní gbèsè."

Àkọ́kọ́ dà sí mi lára. Èkejì dà sí Súmbọ̀ lára, inú mi sì dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún jò. Ìkẹfà ń kán tó, tó. Mo ká ìkeje, mo ṣẹ́ ìdí ẹ̀ sẹ́yìn, mo bù ú, mo pa ẹnu ẹ̀ dé, mo gbé e kalẹ̀ sínú àwo. A jọ tẹjú mọ́ ọn. Ó dúró. Ilẹ̀ àwo gbẹ.

Mo ké hosanna débi pé ará ilé òdìkejì sáré jáde tòun ti igi lọ́wọ́, ó rò pé olè ti wọlé.

"Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, Mà," ni Súmbọ̀ wí, ó ti ju ewé méjì míì sí mi lẹ́sẹ̀. "Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ó dín ẹyọ kan."