Ìrìn Dé Kọ́nà

Mo ti kọjá ṣọ́ọ̀bù atúnaagoṣe, mo ti fẹ́ dé kọ́nà, kò sì tíì sí ẹni tó pè mí padà.

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà nìyẹn. Wàá dá iye tìrẹ, oníṣọ́ọ̀bù á kọ̀, wàá ní ó dàbọ̀, wàá sì máa lọ bí ẹni tí ọjà náà ò wù mọ́. Wọ́n á jẹ́ kó o rìn díẹ̀, wọ́n á wá pè ọ́. Mo mọ ìrìn yẹn dáadáa. Kì í yá jù, kì í falẹ̀ jù. Ọwọ́ méjèèjì á wà lẹ́yìn.

Mo dé kọ́nà. Mo dúró sí ìdí òpó iná, níbi tí mo máa ń dúró sí. Mo dẹtí. Alágbàfọ̀ ń da omi ọṣẹ sí gọ́tà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé kì í ṣe àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló máa ń pè mí. Ìyàwó mi ni, ó sì ti kú láti èṣí.

Àwa méjèèjì la jọ máa ń ná ọjà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dá iye, kí n má fi nǹkan kan kún un, kí n bínú, kí n jáde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró. Ohun tó máa ń bá wọn sọ lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò bi í rí. Tí mo bá ti dúró ní kọ́nà díẹ̀, màá gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ máa bọ̀, wọ́n ti gbà." Màá padà, màá san iye tí mo dá, a ó gbé ẹrù wa. Bí a ṣe ra bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Bí a ṣe ra ẹ̀rọ ìránṣọ nìyẹn, àti kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí orúnkún mi ṣì gbà á. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó lè rẹ́ mi jẹ.

Ní báyìí sìkútà ni mo fẹ́ rà, àwọn alùpùpù kékeré tí èèyàn ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ síwájú lórí wọn. Ìwé ni mò ń gé nílé ìtẹ̀wé. Tí wọ́n bá tẹ ìwé tán tí wọ́n sì dì í, èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ kó gún. Ilé ìtẹ̀wé náà ń kó lọ sí òdìkejì odò, bọ́ọ̀sì kì í sì í dé ibẹ̀. Ọ̀gá wa, ẹni tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Bàbá, a ò lé yín o. Ẹni tó bá lè débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó máa bọ̀. Ẹni tí ò bá lè débẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀." Mo ní mo máa débẹ̀.

Kì í ṣe torí owó oṣù. Ní ibi iṣẹ́, àwọn èèyàn máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé, tí a ń pè ní Gọ́ọ̀mù, kì í jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní ìka ọwọ́ mi ṣì pé, pé ẹ̀rọ ìgéwé náà ló ń bẹ̀rù mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹnu mi kì í là mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àfi tí ọmọ mi bá pè mí lórí fóònù. Tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀sẹ̀ á ṣe máa rí.

Mo kó owó wá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà wà lápò ṣòkòtò mi, ti sìkútà nìyẹn. Èyí tó wà lápò inú kò sí fún sìkútà. Ọmọ mi obìnrin ló fi í ránṣẹ́, kí n fi wọkọ̀ wá sọ́dọ̀ òun níparí ọdún. Ibi tó ń gbé jìnnà. Ó ti bímọ, mi ò tíì fojú kan ọmọ náà. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, mo ní iṣẹ́, mo sì rí ọmọ. Tí kò bá gbà, ọ̀kan ni màá mú.

Kò sí ẹni tó pè mí. Mo padà.

Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún òórùn rọ́bà. Wọ́n to àwọn sìkútà náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó wọn. Èyí tí mo fẹ́ ní àwọ̀ eérú. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù jókòó síwájú rẹ̀, ó ń fi àkísà nu díńgí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ la ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ àti kẹ̀kẹ́ yẹn láyé ọjọ́un, nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Mi ò mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jáde.

"Ẹ ti tètè dé," ó ní. Kò dìde.

"Ẹ ò pè mí."

"Ṣé èmi ló yẹ kí n pè yín ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Máwẹ̀yìn. Ẹ ò yí padà rárá. Ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, màá yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sílẹ̀ ni, kí ẹ máa tì í lọ síbi iṣẹ́."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló tún ń jẹ́ ẹ bí ò ṣe ẹ̀yin? Gbogbo àdúgbò ló ń pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ bi atúnaagoṣe. Tí ẹ bá ti jáde báyìí, gbogbo wa la máa ń wò yín títí ẹ ó fi dé ìdí òpó. A ti fi ta tẹ́tẹ́ rí, bóyá ẹ ó wẹ̀yìn. Èmi ni mo jẹ."

Mi ò mọ̀ pé mo ní orúkọ ládùúgbò yẹn.

"Èló ni jálẹ̀?" mo ní.

"Mẹ́sàn-án ni mo pè é. Mẹ́jọ ààbọ̀ ni jálẹ̀." Ó tún mú díńgí náà nù. "Ṣùgbọ́n kí lẹ ń yọ ara yín lẹ́nu fún? Ẹ san mẹ́fà tiyín. Ìyá ń bọ̀ wá san ìyókù, àbí? Mo ti ń wo ọ̀nà wọn láti ìgbà tí ẹ ti jáde."

"Ìyókù wo?"

"Ìyókù owó. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é."

"Báwo la ṣe máa ń ṣe é?"

Ó wò mí bóyá mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí i pé mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé àkísà sílẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "mo rò pé ẹ mọ̀."

"Ẹ sọ ọ́."

"Ẹ ó dá iye yín, ẹ ó fa ojú ro, ẹ ó lọ. Ìyá á jókòó sórí àpótí. Ìgbà yẹn gan-an la tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Wọ́n mọ ọjà ná o. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, owó ti ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wálẹ̀ dé ibi tiyín rí. Ibi tiyín, ta ló ń ta ọjà níbẹ̀? Tá a bá ti fẹnu kò, wọ́n á tú báàgì wọn, wọ́n á ka èyí tó kù sí mi lọ́wọ́. Wọ́n á wá jáde lọ pè yín. Wọ́n ní tí ẹ bá ti wọlé, kí n gba owó yín, kí n lejú, kí ẹ lè mọ̀ pé ó dùn mí."

"Ẹ máa ń lejú."

"Ó máa ń rẹ̀ mí lójú. Ẹ ó dẹ̀ máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ irùngbọ̀n."

Òótọ́ ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi máa ń ránṣọ fún àwọn èèyàn nílé wa. Ó máa ń dín bùbá, ó máa ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò. Owó tó ń rí níbẹ̀ kì í pọ̀. Mo ti rò pé ó ń fi ra òwú.

"Ọjọ́ kan, òjò ṣú," obìnrin náà ní. "Mo ní, Ìyá, ẹ pè wọ́n, òjò á pa wọ́n. Owó ti pé lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Ìyá ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé kọ́nà ná. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n dé kọ́nà."

Atúnaagoṣe jáde síta, ó wo ọ̀dọ̀ wa, ó padà wọlé.

"Ó ti kú," mo ní.

"Háà. Ìgbà wo?"

"Èṣí."

"Kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa." Ó dìde fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó fa àpótí kan jáde láti abẹ́ tábìlì, ó gbọn eruku orí rẹ̀. "Ẹ jókòó."

Mi ò jókòó.

Ó fi ìka tẹ ìjókòó sìkútà náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó di mẹ́jọ. Mi ò lè lọ sísàlẹ̀ ìyẹn. Iye tí mo rà á nìyẹn, owó ọkọ̀ tó gbé e wá gan-an, èmi ni mo pàdánù ẹ̀."

"Ẹ má torí ikú dín in fún mi."

"Èmi kọ́ ni mo dín in. Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ibi tí ìyàwó yín ì bá bá mi já a dé ni mo sọ yẹn. Mo mọ ibi tí wọ́n máa ń bá mi dé."

Mo yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, mo gbé e sórí tábìlì. Mo dúró. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo wá ki ọwọ́ bọ àpò inú.

Nígbà tó kà á tán, ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò lè gbé mi dé ìdajì ọ̀nà ọ̀dọ̀ ọmọ mi.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì. Kò ṣòro. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí lè gùn ún. Ó fi akoto kan ṣe ènì, ó sì so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n mi fúnra rẹ̀, nítorí ìka mi ò tètè rí ihò rẹ̀.

"Díńgí méjì ló wà lára ẹ̀ o," ó ní. "Ẹ gbọ́dọ̀ máa wẹ̀yìn báyìí, kí ọkọ̀ má baà gbá yín."

"Màá gbìyànjú."

Ọmọ mi pè lọ́jọ́ Àìkú.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ti rí bí ẹ ó ṣe máa lọ síbi iṣẹ́?"

"Mo ra sìkútà."

"Sìkútà. Ẹ̀yin." Mo gbọ́ bó ṣe yí sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó ní bàbá òun ti di géńdé. Ó padà sórí fóònù. "Ẹ ná an?"

"Mo ná an."

"Ẹ rìn lọ?" Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo rìn lọ."

Ẹ̀rín náà lọ. "Ta ló wá pè yín?"

"Èmi ni mo padà fúnra mi."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"O mọ̀," mo ní.

"Mo mọ̀, Bàbá. Èmi ni mo máa ń di báàgì Màámi mú. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ."

"O ò sọ ọ́."

"Mi ò sọ ọ́ rí."

"O ṣeun."

Mo sọ fún un pé mi ò ní lè wá níparí ọdún. Ó ní òun máa wá nǹkan ṣe sí i. Mo ní kó má wá nǹkan kan ṣe, pé owó ilé rẹ̀ ni kó tọ́jú. Mo béèrè ọmọ náà.

"Ó ti ń dìde dúró. Ó ń di etí àga mú káàkiri."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

A kí ara wa pé ó dàárọ̀. Oòrùn ò tíì wọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé mo gbéra kí ọ̀nà tó kún. Mo gba orí afárá kọjá. Atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀, ó ń tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé ìtẹ̀wé tuntun náà ga, fèrèsé rẹ̀ wà lókè níbi tí èèyàn ò lè yọjú. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìgéwé mi sí igun kan, àmì gírísì ọwọ́ mi ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun kan wà ní ibi tó yẹ kí Gọ́ọ̀mù dúró sí, ó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé fúnra rẹ̀. Mo béèrè Gọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Ọ̀gá wa wá kí mi. Ó wo akoto tó wà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ẹ débẹ̀."

"Mo débẹ̀."

Ó ní àwọn tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú àwọn tó mọ̀ mí, mẹ́rin ló kù.