Ìlà Pupa ní Etí Irin

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo ìlà yìí."

Ìyá Ìbejì kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń rọra bọ̀. Orúkọ rẹ̀ ń ro ó. Bí ilé bá ń jó, jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin yìí yóò rìn jáde.

Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ni láti gé díẹ̀ lára ọ̀pá irin tí ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe, kí ó dì í sínú ike líle, kí ó nù ún títí yóò fi máa kọ mànà, kí ó sì ya fọ́tò etí rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kọ̀ǹpútà yóò wá fa ìlà pupa tẹ̀lé etí náà, gegele àti kòtò rẹ̀. Ìlà yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí ara irin ṣe rí págunpàgun tó. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í ṣàì ní eruku, nítorí náà bọ́tìnì kan wà tó ń mú ìlà náà dán, tó ń pa kòtò tí eruku bá fà sínú rẹ̀ rẹ́. Ìyá Ìbejì kì í gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Lónìí ló gbàgbé, ìlà pupa sì já wọ inú irin lọ ṣòòrò kó tó jáde padà.

"Eruku ni," ni ọ̀gá wí.

"Mo ti nù ún lẹ́ẹ̀mejì, sà, kò kúrò lójú kan. Irin ló sán."

Ó ṣí fọ́tò àwọn ọ̀pá tó ti jáde lọ, ó mú dídán kúrò. Ìlà já wọlé. Ó ṣí òmíràn, bákan náà ni. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì tó bo ibi tí gbogbo wọn ti sán, tó ní wọ́n dára.

Àwọn ọ̀pá náà ló ń yí táyà ọkọ̀ akérò sọ́tùn-ún sósì. Bí awakọ̀ bá yí ọwọ́ ọkọ̀, tí ọ̀pá bá dá, táyà kò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti ń wakọ̀ ló ra ti àkọ́kọ́. Láàárọ̀ yìí, Bàbá Ìbejì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ bó ti ń wọ bàtà: "Wọ́n ti fi ọ̀pá tuntun sí tèmi. Ọwọ́ ìyàwó mi ló ti jáde, kí ni mo tún ń bẹ̀rù?"

Ẹ̀rù wá ba ìyàwó náà dé egungun. Ó pè é. Fóònù dún títí, kò gbé e. Kì í gbé fóònù bó bá ń wakọ̀. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún un.

"Rọra ná," ni ọ̀gá wí. "Bí a bá ní kí wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ dúró, tó wá jẹ́ eruku ńkọ́? Wọ́n á lé èmi àtìwọ."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ eruku, sà, kí ojú tì mí. Bàbá Ìbejì wà nídìí ọ̀kan nínú wọn."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wo ìlà náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó sì sáré lọ sídìí fóònù yàrá kejì, ó pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì kò lè jókòó. Kọ́nà tó wà lẹ́yìn afárá lójú ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ ń gbà, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kò kúrò lójú rẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ìyá Ìbejì, kọ̀ndọ́kítọ̀ mi ní ilé iṣẹ́ wa pe òun, pé ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró. Ṣé ìwọ ni? Àwọn èrò fẹ́ jẹ mí tán."

Ó ń gbọ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ní awakọ̀ ayé òde òní kò lọ́pọlọ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú yín," ni Ìyá Ìbejì wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èébú yẹn dùn létí mi."

"Ó ku ọkọ̀ kan," ọ̀gá ké láti yàrá kejì. "Awakọ̀ rẹ̀ kò gbé fóònù."

Ìyàwó kan ti kìlọ̀ fún awakọ̀ yẹn náà.

"Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ yín kan ṣì wà lójú ọ̀nà. Ibo ló wà?"

Ẹ̀fẹ̀ ti kúrò lóhùn ọkọ rẹ̀ nígbà tó dáhùn. "Ẹ̀yìn mi ló ń bọ̀. Kò tíì dé kọ́nà."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dá a dúró. Ẹ má pa fóònù."

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lórí ọ̀nà ọlọ́dà. Ó fi fóònù mọ́ etí, ó ń retí ohùn búréèkì ọkọ̀ tó kù náà.