Ojú Ọlọ Ìyá Ìyá Sọ̀fíyàt

Ẹ fìdí lélẹ̀ kí ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará ilé. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kò gùn, ṣùgbọ́n ó ga, nítorí orí àpáta ló ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn tíṣà mẹ́rìndínlógún kan gbéra láti Àkúrẹ́ lásìkò ọlidé, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Àkókó. Sọ̀fíyàt ló kó wọn wá. Ọ̀kà Àkókó ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Àkúrẹ́ ni òun dàgbà sí. Ó ti pé ọdún kan tó ti ń fọ́nnu fún wọn pé ojú ọlọ ìyá ìyá òun ṣì wà lórí òkè tí àwọn baba ńlá sá ogun gùn, àti pé òun fúnra òun ni yóò sọ ìtàn rẹ̀ níbẹ̀.

Ìkàrẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Wọ́n wo ilé alámọ̀ àtijọ́ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ́, wọ́n ya fọ́tò títí. Rufus, dírẹ́bà wọn, ọmọ Ìkàrẹ́, ń yan bí ẹni pé òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ti rí ìlú báyìí. Òkúta lásán lẹ fẹ́ lọ wò l'Ọ̀kà."

"Ẹ rọra, bọ̀dá Rufus," ni Sọ̀fíyàt wí. "Òkúta náà ni kò jẹ́ kí ogun rí wa kó."

Ẹ̀rín ni wọ́n rín dé Ọ̀kà.

Bàbá Fákúnlé, tó máa ń mú àlejò gun òkè, tó sì mọ ẹbí ìyá Sọ̀fíyàt dáadáa, ti ń retí wọn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ó sì ń gùn bí ewúrẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń mí hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lókè, láàárín àlàpà ilé, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí ogójì ojú ọlọ, kòtò tí lílọ̀ ti gbẹ́ sára òkúta, ń dán lára rẹ̀.

Bàbá ní, "Ilé ìdáná àwọn ìyá wa nìyí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀."

Sọ̀fíyàt la ẹnu kí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tì o, ọmọ mi. Níbí, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ìdí ọlọ ìyá rẹ̀ ni yóò ti kúnlẹ̀ sọ ọ́. Èwo ni tiyín? Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fi hàn ọ́."

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Sọ̀fíyàt nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un débẹ̀, ìyá náà sì ti di olóògbé. Ó na ìka sí ọ̀kan.

"Ó tì, ọlọ ilé tèmi nìyẹn," ni Bàbá wí.

Zacchaeus, tíṣà ìṣirò, kàn án lábùkù: "Àǹtí, ó ku mọ́kàndínlógójì o!"

Ẹ̀rín sọ. Omi ń bọ̀ lójú Sọ̀fíyàt. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́: Bàbá bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo gbígbẹ láti inú àpò rẹ̀ fún un, ó gbé ọmọ ọlọ kan lé e lọ́wọ́.

"Ojú lè gbàgbé. Lọ̀ ọ́ wò."

Ó kúnlẹ̀ síbi kan, ọmọ ọlọ ń yẹ̀. Ó lọ síbòmíràn, apá ń ro ó. Orúnkún rẹ̀ ti bó kí ó tó dé èyí tó wà lẹ́bàá ògiri tó wó. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jìn ju èkejì lọ. Níbẹ̀ ni ọmọ ọlọ ti rí ọ̀nà tirẹ̀, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀, àgbàdo sì kúnná.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ọwọ́ wo lo fi ń lọ̀ ọ́ yẹn?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Wọ́n nà mí títí nílé ìwé, kò lọ."

"Ta ló ń bínú? Kékeré ni mí nígbà tí àwọn ìyá ṣì ń gun òkè wá lọ nǹkan. Abíọ́nà, ìyá ìyá rẹ, òun nìkan ló ń fi òsì lọ̀ níbí; òun ló jẹ́ kí ọlọ yìí jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sì sí ìyẹ̀fun tó kúnná tó tirẹ̀!"

Zacchaeus ní, "Bàbá, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

"Wọ́n tún ní ẹlẹ́nu rírùn ló ni àmù ìyá rẹ̀. Jókòó, tíṣà."

Òun náà jókòó ti àwọn àlejò. "Ó yá, Sọ̀fíyàt. Ọ̀rọ̀ kù sí ọ lọ́wọ́."

Lórí ìkúnlẹ̀, tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀. Rufus ará Ìkàrẹ́ ṣí fìlà.

Raliat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ẹgbẹ́ wọn, ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun tọ́ ìyẹ̀fun náà wò.