Ẹ̀kán Àdín Méjì Lójú Omi

Ẹ̀kán àdín méjì léfòó lójú omi ìwẹ̀ ọmọ. Wọ́n ń sún mọ́ra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n fara kan ara, ara wọ ara, wọ́n di ọ̀kan. Kò dún.

Ìyá ọkọ mi, ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ sì tẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ mi tuntun, lé wọn. Bí ẹ ti jókòó gan-an nìyí nígbà tí ẹ ń wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọláníkẹ̀ẹ́, ọmọ tí kò pé oṣù kan lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ yín kò yí padà: ó le bí èèpo igi, ó rọ̀ bí òrí tí oòrùn pa. Omi kì í ṣòfò lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ràn yín nítorí èyí.

Egbò kékeré wà létí ètè yín. Nígbà tí ẹ dé láti Ìgbàrà-Òkè, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ibà tó dá yín dùbúlẹ̀ ló ń bá ẹnu jáde, pé ara ti yá. Nígbà Ọláníkẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí. Gbogbo ilé ló bá yín dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́.

Lẹ́yìn tí a sin Ọláníkẹ̀ẹ́, dókítà pe èmi nìkan. Ó ní kòkòrò kan ń gbé inú irú egbò ẹnu bẹ́ẹ̀, ojú kò lè rí i, pé òun ló pa ọmọ náà. Ó kéré, ṣùgbọ́n ọwọ́ pọ̀ lára rẹ̀. Ọwọ́ kan á di ara ọmọ mú bí ẹni ń kí ará ilé. Òmíràn á ta èkejì lólobó pé ibí yìí ni. Òmíràn á nà tàntàn, á fi ìka kọ́ awọ ọmọ, á wá ká padà bí ẹni ká apá, á fa awọ mọ́ awọ.

Ọ̀rá ni ẹ̀wù kòkòrò náà. Ọ̀rá ni awọ àwọn ilé tíntìntín tí ara ọmọ fi di ara. Ọ̀rá pàdé ọ̀rá. Kò fọ́ ilẹ̀kùn, kò wó ògiri. Ó yọ́, ó wọlé. Ara ọmọ tuntun kò sì mọ bí a ti ń kọ̀.

Mi ò sọ ọ́ fún yín. Mo rò pé ọ̀fọ̀ kan tó ìdílé kan. Lónìí, ọwọ́ yín ni mo fún láyè, ẹnu yín ni mò ń ṣọ́.

Ikun há Rẹ̀mílẹ́kún nímú. Mímí rẹ̀ ń dún hùrù-hùrù. Ẹ tẹ̀ síwájú bí ìyá yín ti ń tẹ̀, ẹ la ẹnu láti fi fa ikun náà jáde. Ẹnu tó fa ti baba rẹ̀. Ẹnu tó fa ti Ọláníkẹ̀ẹ́.

Mo na ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ mi bo ojú ọmọ mi, ètè yín sì bà lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó gbóná, ó rọ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n fà á fúnra mi, mà.”

Ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ wo ojú mi. Ìka yín gòkè díẹ̀díẹ̀, ó kan egbò náà.

“Ìyàwó mi, ti Ọláníkẹ̀ẹ́ ńkọ́?”

Irọ́ kan wà lẹ́nu mi, ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Kò jáde. Omi ń tutù. Ọmọ ń ké. Ẹ gbé e fún mi.

Ẹ na ìka kan sójú omi, ẹ la àdín náà sí méjì. Ó tún padà. Ó fara kan ara, ara wọ ara. Kò dún.