Fíréjọ̀n Tí Kò Tán

Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo se fíréjọ̀n, ẹ̀wà alágbọn tí àwa ará Pópó Àgùdà máa ń pín ládùúgbò. Mo bù fún ojúlé tó wù mí, mo ha ìyókù jẹ. Nígbà tí mo tún ṣí ìkòkò, fíréjọ̀n tó tó abọ́ kan wà níbẹ̀, ó ń hó lórí gáàsì tí mo ti pa. Ojúlé kan ṣoṣo ni mi ò tíì bù fún.

Mo gbé e lọ sókè fún Màmá Bẹnẹdíta, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ mọ́, tí mo sì ń bá yodì. Wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan, ṣíbí ti wà lọ́wọ́ wọn.

"Mo gbọ́ bó o ṣe ń ha ìkòkò," wọ́n ní. "Mo ní kí Jésù má jẹ́ kó tán."